Wọ́ọ̀dù praifẹ́ẹ̀tì inú ọsibítù ìjọba l'Ábújá: ohun tí ojú mi rí nígbà tí a gbé Bàbá lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ẹni tó bá ní òbí àgbà lọ́dọ̀ l'Ábújá níbí, tàbí tó ń gbèrò àtigbé bàbá ẹ̀ wá láti ilé wá ṣe iṣẹ́ abẹ, kó jọ̀ọ́ kó fara balẹ̀ kà á. Wọ́ọ̀dù praifẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ọsibítù ìjọba ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ọsibítù aládàáni tó dá dúró o, apá ibi tí èèyàn ti ń san owó gọbọi nínú ọgbà ìjọba kan náà ni. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yẹn. Àwọn kan tọ́jú wa bí ọmọ ìyá níbẹ̀, àwọn kan sì ṣe ohun tó dùn mí, mi ò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ọsibítù ńlá ni, àárín ìlú ló wà, ìyẹn náà tó.

Bàbá mi wá láti Ọ̀fà, ẹni ọdún 74, ọmọ tuntun ni wọ́n wá kí. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni ìtọ̀ ò jáde mọ́. Láti aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á wọ ilé ìtọ̀, wọ́n á jáde, wọ́n á tún wọlé, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi, ẹ sì mọ bí àwọn bàbá wa ṣe rí, wọn ò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gbọ́ irú ẹ̀. Ọkọ mi ló lọ bá wọn ní yàrá, ló bá rí i pé abẹ́ ìdodo wọn ti wú, ó ti le gbagidi, òógùn sì bò wọ́n. Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra ní Kubwa, kò sí gósílóò nírú àsìkò yẹn, kò pẹ́ tá a fi débẹ̀ ṣùgbọ́n lójú mi bí ìrìn ọjọ́ kan ló rí, torí Bàbá ń kérora lẹ́yìn mọ́tò, mi ò sì gbọ́ ìkérora Bàbá rí láyé mi.

Ẹ̀ka pàjáwìrì wọn, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́, àmọ́ gbogbo wa la mọ ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ lọ san owó kàádì wá ná. Àwọn tibí ò béèrè owó kankan lọ́wọ́ wa. Dókítà ọ̀dọ́ kan, ojú ẹ̀ ti pọ́n torí pé ó hàn pé kò sùn, òun ló wá ti róbà sí Bàbá, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "sannu Baba, sannu". Ìtọ̀ tó dà sínú báàgì yẹn lé ní líítà kan. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n ní "Alhamdulillahi", wọ́n sì sùn lọ lójú ẹsẹ̀ lórí pátákó ibẹ̀.

Próstéètì ni. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, kókó kan ni tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí ọkùnrin bá ń dàgbà ó máa ń tóbi sí i, tó bá tóbi débì kan á fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni jẹjẹrẹ o, ẹ má dẹ́rù ba àwọn bàbá yín. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo próstéètì, wọ́n ṣe skáànù, wọ́n mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kò sí jẹjẹrẹ, wíwú lásán ni. Wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n wá yọ róbà yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kan bóyá ìtọ̀ á jáde fúnra ẹ̀, kò jáde, wọ́n dá a padà. Wọ́n tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Ó ku iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Klíníìkì apá gbogbo gbòò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ láti gba nọ́ńbà, aago kan ọ̀sán ni wọ́n pe Bàbá wọlé, dókítà bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mi ò bínú sí i, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn wa lórí bẹ́ǹṣì lé ní ọgbọ̀n, òun nìkan ló sì jókòó síbẹ̀ tó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní ọjọ́ tíátà, obìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi bírò tẹ̀ lé orúkọ lọ, ó ń ṣí ojú ewé, ó tún ń ṣí i, ó wá ní ó di oṣù mẹ́rin sí i.

Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú róbà nídìí. Irú róbà tí wọ́n fi sí wọn, ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kòkòrò á wọ̀ ọ́, ibà á dé. Ṣùgbọ́n ohun tó dun Bàbá jù kì í ṣe ìyẹn. Bàbá kọ̀ láti lọ kí Jímọ̀. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, ó ní aláìsàn ní ìyọ̀ǹda, ààfáà àdúgbò wa wá sílé wá ṣàlàyé fún wọn pé kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ààfáà, wọ́n ní àwọn ò lè gbé báàgì ìtọ̀ wọ inú sàfù láàárín àwọn èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí kí Bàbá pàdánù Jímọ̀ rí, àfi tí wọ́n bá wà nínú ìrìn àjò. Wọ́n á jókòó sí fàràǹdà wa ní Kubwa lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á máa wo àwọn èèyàn tó ń kọjá pẹ̀lú agbádá funfun.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí, inṣọ́ráǹsì ńkọ́? Mo ní in. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé ọdún 18 ló kó mọ́ra, bàbá tó bí mi ò sí níbẹ̀, àfi kéèyàn lọ san owó ọ̀tọ̀ fún wọn kó tó di pé àìsàn dé. Ẹ lọ ṣe é nísinsìnyí tí ara òbí yín ṣì le. Èmi ò ṣe é.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kàbbà, tó gbọ́ tí mò ń bá ọkọ mi sọ Yorùbá, òun ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ pé praifẹ́ẹ̀tì wà lókè ni?" Mi ò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ tá a ti ń lọ síbẹ̀ mi ò rí pátákó kankan tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, mo máa sọ òtítọ́ nípa òkè yẹn, ó dáa. Ọjọ́ kejì tí mo san owó ìforúkọsílẹ̀ la rí kọnsọ́táǹtì, ìyẹn dókítà àgbà. Ta ni mo rí? Dókítà yẹn náà ni, ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nísàlẹ̀. Lókè, ó jókòó tì wá fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó mú ìwé, ó ya àpò ìtọ̀ àti kókó yẹn fún Bàbá, ó ṣàlàyé pé àwọn ò ní la ikùn, ojú ọ̀nà ìtọ̀ làwọn máa gbà wọlé lọ ha á kúrò díẹ̀díẹ̀, ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀, kí ìtọ̀ máa já fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló kà. Bàbá béèrè ìbéèrè tí mi ò lè kọ síbí, ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn Bàbá balẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Yàrá yẹn ní ẹ́sì, ó ní fíríìjì kékeré, ilé ìwẹ̀ wà nínú ẹ̀, omi ń yọ, bẹ́ẹ̀dì kan wà fún ẹni tó bá dúró ti aláìsàn. Iná ò lọ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tá a lò. Nọ́ọ̀sì méjì ló ń wo aláìsàn mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá tẹ bẹ́ẹ̀lì wọ́n á dé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi ni wọ́n máa ń dà wọlé dà jáde nínú àpò ìtọ̀ tọ̀sán tòru kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì síbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, tí báàgì omi bá tán tí wọn ò tètè pààrọ̀ ẹ̀, wàhálà ni. Òru ọjọ́ kìíní, ìgbà tí mo bá lajú ni mò ń rí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nísàlẹ̀, ní wọ́ọ̀dù gbogbo gbòò, nọ́ọ̀sì kan ló ń wo èèyàn 24 lálẹ́, àwọn ọmọ aláìsàn ló ń ṣọ́ omi yẹn fúnra wọn, wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo báàgì.

Ó yá, owó. Dípósíìtì ₦600,000 kí wọ́n tó fún wa ní yàrá. Yàrá ₦30,000 lálẹ́ kan, ọjọ́ mẹ́fà, ìyẹn ₦180,000. Iṣẹ́ abẹ àti ẹni tó fún wọn ní abẹ́rẹ́ orun, ₦700,000. Oògùn, lẹ́ẹ̀bù, omi tí wọ́n fi ń fọ àpò ìtọ̀, ₦260,000. Gbogbo ẹ̀ papọ̀ jẹ́ ₦1,140,000, dípósíìtì yẹn wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣírò fún wa nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦410,000. Kóópù ibi iṣẹ́ mi ni mo ti yá ìdajì, àwọn àbúrò mi dá ìyókù, mo ṣì ń san án lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀.

Ohun tí owó yẹn ò rà, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀: ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni tòkè tìsàlẹ̀ ń lò, àbúrò mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ ọkọ mi ló lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tíátà: ọ̀kan náà ni. Àwọn dókítà kékeré tó ń wo èèyàn lóru: àwọn kan náà ni, torí náà tí wọ́n bá dáṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe lọ́dún 2021 tó gbà wọ́n tó oṣù méjì, láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Oògùn kan wà tí fáàmásì wọn ò ní, ìta ni ọkọ mi ti lọ rà á ní aago mọ́kànlá alẹ́. Rìsíìtì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbà, kò sí ẹni tó fún mi ní ìwé kan ṣoṣo tó kó gbogbo ẹ̀ jọ, èmi ni mo jókòó ṣírò ẹ̀. Ẹnì kan tún ní kí n fi owó kan ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun fúnra òun kí nǹkan lè yá. Mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ni, Remita tàbí POS ọsibítù ni kẹ́ ẹ fi san gbogbo owó, ẹ gba rìsíìtì, ẹ máa yà á ní fọ́tò. Owó tó bá wọ àpò ẹnì kan kò lè ra bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíì láéláé.

Mo fẹ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí kíkọ èyí gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Wẹ́sìdeè, mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà tíátà. Wọ́n lẹ lísìtì mọ́ ògiri, wọ́n tẹ orúkọ márùn-ún sí i. Lókè orúkọ márààrún, wọ́n fi bírò kọ orúkọ Bàbá mi. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi, mo ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Màlámù kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn níbẹ̀, bíríkìlà ni láti Keffi, mo ti ń rí òun àti ọmọ ẹ̀ ní klíníìkì ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, róbà wà nídìí òun náà, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Òun àti Bàbá mi ti di ọ̀rẹ́, Bàbá gbọ́ Hausa díẹ̀ nítorí pé wọ́n ti ṣòwò dé Mìnná nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Òun ni ẹni karùn-ún lórí lísìtì. Kò tíì jẹun láti alẹ́ àná, bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un.

Wọ́n mú Bàbá wọlé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n jáde ní mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ó lọ dáadáa. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mo sọ̀ kalẹ̀ wá ra omi, mo rí ọmọ Màlámù tó ń ti bàbá ẹ̀ padà lọ sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àkókò ti lọ, àwọn tó ń fúnni ní abẹ́rẹ́ orun ti parí iṣẹ́, kó padà wá. Ọmọ yẹn ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Màlámù rí mi, ó béèrè Bàbá lọ́wọ́ mi, mo ní wọ́n ti ṣe tiwọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà fún wọn, ètè ẹ̀ ti gbẹ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́ mi. Orúkọ mẹ́fà ló wà lórí lísìtì ọjọ́ yẹn, márùn-ún ni wọ́n ṣe, ẹnì kan ló sì jábọ́. Mo mọ orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ.

Láti ọjọ́ yẹn mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, sílẹ̀ lọ́dún 1948, Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà ìlera gbà kí àwọn kọnsọ́táǹtì ṣì máa ní bẹ́ẹ̀dì olówó nínú ọsibítù ìjọba kí wọ́n lè gbà wá ṣiṣẹ́, pé lọ́dún 1976 ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ṣòfin láti máa dín bẹ́ẹ̀dì yẹn kù, pé òfin ọdún 2012 wá ṣí i padà gbalasa, ó kàn ní owó tó ń wọlé láti ibòmíì ò gbọdọ̀ ju èyí tó ń wá fún iṣẹ́ NHS lọ. Wọn ò tíì yé jà lé e lórí títí di òní. Àbújá wa níbí, wọ́n ti dán oríṣi mìíràn wò, ọdún 2007 ni wọ́n gbé Ọsibítù Garki lé iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o, odidi ọsibítù. Ti wọ́ọ̀dù praifẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ síyẹn, torí olówó àti mẹ̀kúnnù jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, dókítà kan náà, ọ̀bẹ kan náà, wákàtí kan náà nínú ọjọ́.

Mi ò sọ pé kí wọ́n ti òkè yẹn pa. Àwọn kọnsọ́táǹtì ń japa lójoojúmọ́, tí owó òkè yẹn bá mú kí ẹyọ kan dúró, àwọn tìsàlẹ̀ náà ń jẹ àǹfààní ẹ̀. Ìjọba náà ò sì gbé owó tó yẹ sílẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2001, ìlú Àbújá yìí gan-an làwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì làwọn á máa ná sórí ìlera, àwa tá a gbà wọ́n lálejò ò tíì débẹ̀. Ọsibítù gbọ́dọ̀ wá owó. Yàrá tó tutù, oúnjẹ tó gbóná, dókítà tó jókòó pẹ́, kí wọ́n tà á fún ẹni tó bá lè rà á, mo fọwọ́ sí i. Ipò lórí lísìtì ni mi ò fẹ́ kí wọ́n máa tà. Mètúrọ̀n àgbà kan lókè ló sọ fún mi pé Sátidé ni wọ́n ń ṣe tíátà praifẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó dísù jẹnẹrétọ̀ ló lé wọn padà sáàárín ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Èmi ì bá san owó dísù yẹn mọ́ tèmi ká ní wọ́n sọ fún mi. Bàbá ì bá dúró di Sátidé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

Nítorí náà tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì: ìtọ́jú lókè, 5 nínú 5. Pàjáwìrì, 5. Owó sísan àti rìsíìtì, 2. Lísìtì tíátà, mi ò lè fún wọn ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, kó béèrè ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ wọn, kó béèrè ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, bóyá tá a bá pọ̀ tá à ń béèrè ẹ̀ wọ́n á dá a padà. Kó sì gba ìwé iye owó kó tó san dípósíìtì.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Bàbá lọ kí Jímọ̀ ní Kubwa pẹ̀lú ọkọ mi, wọ́n wọ agbádá funfun, wọn ò sì tètè padà sílé, wọ́n ń kí gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n padà sí Ọ̀fà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí, Màlámù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, mo sì ń dá wọn lóhùn pé wọn ò tíì ṣe é. Ọjọ́ kẹrìnlélógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ Bàbá ni ọmọ ẹ̀ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí mi, "An yi wa Baba aiki", ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá òun. Mo pe Ọ̀fà lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ọmọ yẹn, àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn Màlámù fúnra àwọn.